Ìbọn Lọ́wọ́, Àgbà Lẹ́yìn

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Àǹtí Nuala kí n tó sọ ohunkóhun, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, inú lè bí mi níbi kan, kí n sì gbàgbé. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Adétutù ni wọ́n sọ mí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ̀ mí ní Ongar, àdúgbò wa ní Dublin, tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé mo tutù. Bánjọ ọkọ mi máa ń ní bí wọ́n bá gbé omi síwájú mi, yóò hó kí wọ́n tó wá iná. Mi ò bá a jiyàn. Èmi ni mo bá awakọ̀ bọ́ọ̀sì jà nítorí pé ó rí mi tí mò ń sáré bọ̀, ó sì tilẹ̀kùn. Èmi náà ni mo lọ bá olùkọ́ ọmọ mi nígbà tó wà ní kékeré, nítorí pé ó ń pe Jọmílójú ní "Jo" láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé títí wọ́n fi gba ìsinmi, bí ẹni pé ìyókù orúkọ náà wúwo jù fún un.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá Nuala wà lára àwọn tí mò ń wẹ̀ fún, tí mò ń fún lóúnjẹ, títí Ọlọ́run fi pè é. Ní ọjọ́ kan, Nuala bá mi níbi tí a ń gbé mọ́tò sí. Ọkùnrin kan ti já àyè gbà mọ́ mi lọ́wọ́, mo sì ń sọ ohun tó yẹ kí ó gbọ́ fún un, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi nà sí i lójú. Ọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gbé mọ́tò rẹ̀ kúrò. Nígbà tí mo yíjú, Nuala ló dúró lẹ́yìn mi, tó ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n ó nàró ju èmi lọ.

Ó ní, "Adétutù, ọwọ́ rẹ ni mò ń wò. O bínú tó báyìí, kọ́kọ́rọ́ yẹn ò mì rárá. Wá bá wa yìnbọn."

Mo ní, "Háà! Àǹtí Nuala, kí ni mo fi ṣe yín? Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn ọlọ́pàá Gárdà wá kó mi ni?"

Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé mò ń pè é ní àǹtí. Ó ti sọ fún mi títí pé Nuala nìkan ti tó. Mo ní èmi ò lè la ẹnu pe ẹni tó tó ìyá mi ní orúkọ gán-án, kí ó jọ̀wọ́, kí ó fi mí sílẹ̀.

Ó wá ṣàlàyé. Ẹgbẹ́ kan wà lẹ́bàá òkè, tí èèyàn bá ti kọjá Tallaght, àwọn tó ń fi ìbọn ìléwọ́ ta páálí. Ìjọba mọ̀ wọ́n, òfin wọn sì le. Afẹ́fẹ́ ló ń ti ọta jáde nínú ìbọn náà. Ọta ọ̀hún ò tó hóró ẹ̀wà, ojú dúdú tó wà láàárín páálí ni wọ́n sì ń fi wá. Nuala ló ń kọ́ àwọn tuntun. Mo lọ lẹ́ẹ̀kan péré kí n lè ní mo lọ, kí ó má baà máa yọ mí lẹ́nu. Ọta mi àkọ́kọ́ ò kan páálí rárá, ògiri ló gbà á. Mo bá ní n ò ní kúrò níbẹ̀ àfi tí mo bá bá ojú dúdú yẹn.

Ohun tí obìnrin yẹn fi kọ́ mi, mo lè kà á lójú oorun. Ó ní, "Má wo páálí. Irin kékeré tó dúró lórí ẹnu ìbọn ni kí o wò, kí òun mọ́lẹ̀ kedere, kí páálí ṣe bàìbàì." Mo ní ṣé ẹni tó ń lọ sọ́jà kì í wo ọjà ni? Ó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ó wò, ọjà ò ní sá. Ó ní, "Má já tírígà gbà. Máa tẹ̀ ẹ́ wá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi yìn fúnra rẹ̀." Èyí tó wá wọ̀ mí lára jù ni pé, "Bí ó bá pẹ́ jù tí ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ọ́, sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mí. Bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ta ló ń lé ọ?"

Ta ló ń lé mi? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Ní ilé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í na ike omi síwájú lọ́wọ́ kan nínú kíṣìnnì kí apá mi lè le. Bánjọ á ní, "Ta lo fẹ́ yìn? Ṣebí èmi nìkan ni ọkùnrin tó wà níbí." Jọmílójú á ní, "Mam, what are you at?" á sì gbé tíì rẹ̀ kọjá lábẹ́ apá mi. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì rí i pé ilé ti rọ̀. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ó di ogun, mo máa mí síta, mo máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru mi bi mí léèrè pé oògùn wo ni mo yí padà. Mo sọ fún un pé ìbọn ni. Ó sún àga rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló kù. Ọta mi á kóra jọ sójú kan dáadáa, lójijì ni ọ̀kan á fò lọ sí apá òsì nísàlẹ̀, bí ọmọ tó sá kúrò ní kíláàsì. Nuala yẹ ọwọ́ mi wò, ó yẹ ẹsẹ̀ mi wò, ó yẹ ojú mi wò. Kò rí nǹkan kan. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó jókòó sẹ́yìn mi, kò wo páálí mọ́, èmi gan-an ló ń wò. Ọ̀kan tún fò.

Ó ní, "Ta ló wọlé báyìí?"

Mo ní, "Caleb ni, mà." Caleb ni alábòójútó ibẹ̀, òun ló ń pàṣẹ ìgbà tí a lè yìn àti ìgbà tí a gbọ́dọ̀ dá ọwọ́ dúró.

"Ògiri lo kọjú sí. Báwo lo ṣe mọ̀ pé Caleb ni?"

"Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mà. Mo ti fẹ́ kí i."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yọ. Mo ṣàlàyé fún un pé ní ilé tí wọ́n ti bí mi, àgbà kì í wọlé kí ọmọ má mọ̀. Bí o ń lọ ata, bí o ń ka ìwé, etí rẹ gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí àgbà bá wọlé, o ti gbọ́dọ̀ wà lórí orúnkún kí ó tó rí àga. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á ní ta ló bí ọ, ìyá rẹ ni wọ́n sì ń bú yẹn. Nuala gbọ́ ọ títí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "A jẹ́ pé ìdajì rẹ ló ń yìnbọn, ìdajì tó kù ń ṣọ́ ilẹ̀kùn." Lẹ́yìn náà ló fajú ro. Ó ní, "Gbọ́ mi. Bí ìbọn bá wà lọ́wọ́ rẹ, kò sí àgbà, kò sí ọmọdé. Iwájú ni ẹnu ìbọn ń wò. Iwájú nìkan."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Etí mi gbọ́. Orúnkún mi ni kò gbọ́.

Ìgbà yẹn ni Bọ̀dá Abọ́dúnrìn dé láti Ọ̀yọ́, pé òun fẹ́ lo ìgbà díẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n Bánjọ ni, òun ló tọ́ ọ dàgbà nígbà tí àwọn òbí wọn kú. Bọ̀dá fẹ́ràn kíkí ju oúnjẹ lọ. Ó ti dá ìyàwó tuntun kan padà sí ẹnu géètì rí pé kí ó lọ tún wọlé wá, kí ó kí òun bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Ẹ lè máa pè é ní ẹni líle, ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ létí mi. Ní àwọn ọdún tí mi ò tíì bímọ, tí àwọn ará ilé ń sọ̀rọ̀ mi lábẹ́lẹ̀, òun ló kó gbogbo wọn jọ, ó ní ẹni tó bá tún sọ ọ́, kí onítọ̀hún má tẹ ẹnu ọ̀nà òun mọ́. Kò sọ fún mi rí pé òun ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́. Nítorí náà, bí Bọ̀dá bá wúkọ́ ní Ọ̀yọ́, mo lè kúnlẹ̀ ní Dublin.

Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìbọn, ó ní, "Obìnrin? Ìbọn? Nínú ilé tiwa?" Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá fi ojú ara rẹ̀ rí i kí ó tó dá mi lẹ́jọ́. Ó pẹ́ kí ó tó gbà.

Ọjọ́ tí Bánjọ àti Jọmílójú gbé e wá, n ò yìn dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo ọta ló wà nínú dúdú. Mo gbé ìbọn sókè fún ọta tó gbẹ̀yìn, mo rí irin kékeré náà kedere, ìka mi ti ń tẹ̀ ẹ́ bọ̀. Ilẹ̀kùn ṣí.

"O kú iṣẹ́ o, ìyàwó wa!"

"Ẹ ṣé, sà! Ẹ káàbọ̀, sà!"

Mo ti yí padà, mo sì ti wà lórí orúnkún kí n tó mọ̀ pé mo ṣe é. Ìbọn wà lọ́wọ́ mi. Ọta wà nínú ìbọn. Ẹnu rẹ̀ sì kọjú sí ikùn Bọ̀dá Abọ́dúnrìn gan-an.

Igbe tí Caleb ké, òkè gbọ́ ọ. Nuala ló dé ọ̀dọ̀ mi kí igbe náà tó tán. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó yí ìbọn sí ògiri, ó yọ ọta rẹ̀. Kò bá mi wí. Ó kàn ní kí n jáde. Yéè, ìyá mi! Bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ náà, mi ò ní jẹ́ kí ó pè mí lẹ́ẹ̀mejì.

Nínú mọ́tò, Bọ̀dá ń bínú, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí mi. Ó ní, "Àwọn èèyàn yìí ò ní ẹ̀kọ́. Ìyàwó mi kí mi, wọ́n jágbe mọ́ ọn bí ẹni tó ń lé olè." Jọmílójú ló ń wakọ̀, ọmọ tí kì í bá àgbà jiyàn. Ó ní, "Big Daddy, no. The yoke, that gun, was loaded. She had it pointed at your belly. They were roaring for you, not at her."

Bọ̀dá fọwọ́ kan ikùn rẹ̀. Nígbà tí a délé, kò jẹun alẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, mo ń sunkún. Ó ní, "Dìde. Kì í ṣe ìwọ," ó sì wọ yàrá lọ. Mi ò mọ ohun tó ní lọ́kàn. Mo rò pé kò ní í dárí jì mí láé.

Àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ pàdé lórí ọ̀rọ̀ mi. Òfin wọn ni pé ẹni tó bá kọ ẹnu ìbọn sí èèyàn, ó parí nìyẹn. Nuala dìde, ó ní òun lòun mú mi wá, òun lòun kọ́ mi, kí wọ́n fún mi ní ìdánwò kan ṣoṣo. Màá yìn lójú wọn, wọ́n á máa wọlé, wọ́n á máa pè mí. Bí mo bá fi àgbọ̀n yí padà pẹ́rẹ́, kí n máa lọ, kí òun náà sì yé kọ́ni níbẹ̀. Obìnrin náà fi orúkọ tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ dúró fún mi. Kí ni mo fún un? Mo kàn wẹ ìyá rẹ̀ ni. Iṣẹ́ mi ni.

Nílé, Bánjọ ń ràn mí lọ́wọ́. Màá na ike omi, á yọ́ wá sẹ́yìn mi, á pè mí. Ìgbàkígbà tó bá ti wúkọ́ bí àgbà, orúnkún mi á tẹ̀. Jọmílójú náà dán an wò, ó ní "Ẹ káàárọ̀, mà" lọ́nà tí ẹ̀dá Yorùbá kankan ò gbọ́ rí. Síbẹ̀ mo yí padà, gbogbo omi inú ike dà sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí àwọn ará ibí ń pè ní press. Mo jókòó sílẹ̀ nínú omi yẹn, mo sunkún. Ẹ wò ó, láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, iṣẹ́ ni, ọmọ ni, ilé ni. Ibi ìyìnbọn yẹn nìkan ni ohun tó jẹ́ tèmi. Ibẹ̀ nìkan ni ara mi ti ń sinmi, mo sì ti fẹ́ pàdánù rẹ̀ nítorí orúnkún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, Bọ̀dá ní ẹsẹ̀ ń dun òun, òun ò lè bá wa lọ. Ó dùn mí, ó sì tún fi mí lọ́kàn balẹ̀. Mo kí i pé ó dàbọ̀, mo lọ.

Àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ jókòó lẹ́yìn. Nuala dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gan-an, ọwọ́ rẹ̀ ò jìnnà sí ọrùn ọwọ́ mi. Caleb ní kí n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn gbàù, mo yìn. Ẹnì kan ju irin sílẹ̀, mo yìn. Obìnrin kan pè mí ní orúkọ, ó ní mọ́tò mi ń jò, mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo yìn. Ó ku ọta mẹ́ta. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé Ọlọ́run ti ṣe é.

Ilẹ̀kùn rọra ṣí. Mo mọ bàtà náà kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó wa, o kú iṣẹ́ o."

Ọlọ́run ọba! Mo di eyín. Irin kékeré. Irin kékeré nìkan.

"Mo ní o kú iṣẹ́. Ṣé o ò gbọ́ ni?"

Orúnkún mi ń wá ilẹ̀. Ó tún sún mọ́ mi. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ pè mí, "Àdùkẹ́." Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, òun nìkan ló ṣẹ́kù tó ń pè mí bẹ́ẹ̀. "Àdùkẹ́, èmi Abọ́dúnrìn ni mo dúró, tí mò ń kí ọ, o kọ ẹ̀yìn sí mi?"

Omi bo ojú mi, irin kékeré náà di méjì. Mo rántí pé kò sẹ́ni tó ń lé mi. Mo rọra gbé ìbọn lé tábìlì, ẹnu rẹ̀ síwájú, mo sì dúró, mo ń wo ògiri, ẹkún ń dà lójú mi. Gbogbo ara mi ló fẹ́ yí padà. Ọwọ́ mi ti kúrò lára ìbọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ pé àgbọ̀n pàápàá kò gbọdọ̀ yí.

Bọ̀dá ní, "Ó dáa. Mo ti rí i. Òyìnbó ti gba ìyàwó mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi débi pé mo gbọ́ ohùn ara mi tó ṣe "hìn-ín". Mo ti la ẹnu láti sọ pé rárá, sà, ẹnikẹ́ni ò gbà mí. Mo pa á dé. Mo mí. Mo fi apá nu ojú. Mo gbé ìbọn, mo wo irin títí ó fi di ẹyọ kan, mo tẹ tírígà wá díẹ̀díẹ̀. Ó yìn. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mo ṣí ìbọn, mo fi hàn pé òfìfo ni, mo gbé e kalẹ̀. Caleb wò ó, ó ní ó ti parí, mo lè yí padà. Nuala fọwọ́ kan èjìká mi.

Lẹ́yìn náà ni Bánjọ tó sọ fún mi. Ní ọjọ́ kejì ìṣẹ̀lẹ̀ àkọ́kọ́, Bọ̀dá ti ní kí ó mú òun lọ sọ́dọ̀ Nuala. Ó sọ fún un pé, "Ohùn tí ìyàwó mi ò lè kọ̀, tèmi ni. Bí ó bá lè fara da tèmi, kò sí ohùn tí yóò tún yí i padà láyé. Ẹ jẹ́ kí n wá." Ó ní kí wọ́n má sọ fún mi. Ọ̀rọ̀ òyìnbó yẹn pàápàá, ó jókòó sórí ibùsùn, ó wá èyí tó máa dùn mí jù, ó sì kọ́ ọ sórí.

Ṣùgbọ́n mi ò tíì mọ ìyẹn nígbà tí mo yí padà. Bọ̀dá ni mo rí, tó ṣí fìlà rẹ̀, fìlà tí kì í ṣí fún ẹnikẹ́ni, omijé ń ṣàn sínú irùngbọ̀n rẹ̀. Mo wólẹ̀ sórí orúnkún méjèèjì.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ má bínú. Mo gbọ́ yín, sà. Mo gbọ́ yín láti ẹnu ọ̀nà."

Ó ní, "Mo mọ̀ pé o gbọ́." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, àgbàlagbà, ó di apá mi mú. "Láti ìgbà tí mo ti dàgbà, ẹni tí kò bá kí mi, ìjà ni. Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tí màá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. O ṣeun, Àdùkẹ́. O ṣeun tí o kò kí mi."

Gbogbo kíkí tí wọ́n kọ́ mi nílé ni mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Mo wá ti èyí, mi ò rí i. Mo kàn dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ń sunkún, mo ń ní, "Ẹ ṣé, sà. Ẹ ṣé, sà."